Kèrègbè Tí Kúforíjì Dí Lẹ́nu

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ibi tí kèrègbè ti ń jò là ń dí, a kì í dí i lẹ́nu"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ ni, ẹ wá ń mi orí bí alángbá. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó máa ṣe é lọ, etí la fi ń gbọ́ ìtàn, kò kan ọwọ́. Èmi náà, ẹ̀gúsí ni mò ń bó yìí, n kò sì ní dá a dúró nítorí yín.

Nígbà tí owó ẹyọ ṣì ń ra ọjà, ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ, Kúforíjì ni wọ́n ń pè é. Adẹ́mu ni. Bó bá ti fi igbà rọ̀ mọ́ ọ̀pẹ, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dé orí, ẹ̀yin á rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Obìnrin yìí ń ṣe àdí, àdí gidi tó ń dán bí ojú ológbò, tí àwọn abiyamọ ìlú mẹ́ta ń wá rà láti fi pa ọmọ lára. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, ọmọbìnrin, Ọmọ́yẹni lorúkọ rẹ̀, ó sì yẹ wọ́n lóòótọ́.

Kí ló wá dé? Baba Àwẹ̀ró ló kú. Ó yẹ kí àna ṣe ẹ̀yẹ, ta ló ní kó má ṣe é? Ewúrẹ́ kan ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Kúforíjì mú ewúrẹ́ lọ, wọ́n ní, "Àna rere!" Ó dùn mọ́ ọn, ó fi àgbò kan lé e. Wọ́n ní, "Àna bí ọmọ!" Ó ránṣẹ́ lọ ra màlúù. Bí wọ́n bá tún yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá erin ni ì bá lọ fà wá. Nígbà tí wọ́n fi máa palẹ̀ ìnáwó mọ́, Kúforíjì ti jẹ gbèsè ọ̀kẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ Efúnyẹlá, obìnrin olówó tó ń ta aṣọ òfì. Orúkọ Kúforíjì sọ pé ikú forí jì í. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbèsè kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé, owó kò pé. Efúnyẹlá wá rán ológò sí i.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ológò, ẹ dúpẹ́. Láyé ìgbà yẹn, bí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò san án, olówó á rán ọkùnrin kan lọ dógò tì í. Ológò kì í ṣe àlejò, kì í sì í ṣe ọ̀tá, ó wà láàárín méjèèjì bí egungun ẹja nínú ọ̀fun. Yóò tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò máa pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́, onígbèsè ni yóò sì máa bọ́ ọ títí owó yóò fi pé. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá pẹ́, adìẹ tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, yálà tonígbèsè ni àbí ti aládùúgbò, yóò lọ́ ọ lọ́rùn.

Dúrójayé ni orúkọ ológò tí wọ́n rán wá. Ọkùnrin náà sanra, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun alára á wá tẹ̀ lé e. Ó ju ẹní sílẹ̀, ó jókòó, ó ya ẹnu.

"Èmi Dúrójayé ti dé o! Kúforíjì jẹ gbèsè! Òkú àna ló fi ṣe fàájì! Ẹ gbé oúnjẹ mi wá, n kì í jẹ iyán àná!"

Ọmọ́yẹni jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ológò."

Ohùn Dúrójayé bá lọ sílẹ̀. "Ọmọ dáadáa. Dìde. Ṣé ẹran wà nínú ọbẹ̀ yín?"

"Ó wà, Bàbá."

Ó tún gbé ohùn sókè: "Kúforíjì jẹ gbèsè o!"

Iṣẹ́ Efúnyẹlá tó mú wá nìyí: bí owó kò bá pé di ọjọ́ ọdún iṣu tuntun, kí Ọmọ́yẹni di ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ wá ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, mo mọ̀. Ó kàn máa ń ṣiṣẹ́ nílé olówó títí gbèsè yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ta ló bí ọmọ kan ṣoṣo tó fẹ́ kó máa jí gbálẹ̀ ilé ẹlòmíràn? Àwẹ̀ró gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sunkún. Ó pe ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

"Baba Ọmọ́yẹni, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí owó ń gbà jáde nínú ilé yìí."

"Ibo ló ń gbà jáde? Ṣé mo ní àlè ni?"

"Ẹmu tí ẹ̀ ń gbé ka iwájú àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ́sàn-án ńkọ́? Kí la rí gbà níbẹ̀?"

Kúforíjì ronú sí i. Òótọ́ ni. Gbogbo ọ̀sán ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá sábẹ́ igi òro, wọn á ní, "Jẹ́ ká kàn tọ́ ọ wò." Wọn á tọ́ ọ wò títí kèrègbè á fi dojú bolẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé gbogbo ẹmu rẹ̀ lọ sọ́jà. Àwọn ọ̀rẹ́ dé, wọ́n bá igbá òfìfo.

"Kúforíjì, ṣé ẹmu ti tán nínú ọ̀pẹ ni?"

"Ó ṣì kù nínú ọ̀pẹ, ẹ̀yin ará mi. Nínú igbá yín ló ti tán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n lọ sílé. Ọ̀rẹ́ gidi ni wọ́n, ẹ ó rí i níwájú. Tọkọtaya yìí tún yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, ẹja ló kù. Àwẹ̀ró ń fọ́ ẹ̀kùrọ́, ó ń ṣe àdí, ó ń tà. Kó tó pẹ́, wọ́n kó ọ̀kẹ́ kan lọ bá Efúnyẹlá. Obìnrin náà kà á, ó pé, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ó ku méjì."

Ẹ wò ó, bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní ní ìtàn kankan sọ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá rí i pé ohun kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á rò pé bí òun bá ṣe é ní ìlọ́po mẹ́wàá, yóò ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí a bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tó dùn, ṣé a ó wá da gbogbo iyọ̀ sí i ni? Dídín ìnáwó kù ti wọ Kúforíjì lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ilé, ó ń wá ohun mìíràn tí òun yóò gé.

Orí ẹja ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó mú orí ẹja gbígbẹ kan, ó so okùn mọ́ ọn. Bí ọbẹ̀ bá ń hó, yóò tì í bọ inú ìkòkò, yóò ka ení, èjì, ẹ̀ta, yóò ní, "Ó tó," yóò fà á jáde, yóò gbé e kọ́ sí àjà kó gbẹ de ọ̀la.

"Ẹ ṣáà ti gbọ́ òórùn rẹ̀," ó ní. "Òórùn ni adùn ẹja."

Orí ẹja yìí wọ ọbẹ̀, ó jáde, ó wọ ọbẹ̀, ó jáde, títí ó fi funfun bí òwú. Dúrójayé ń fọwọ́ wá ẹja nínú àwo bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gba ìdí ìkòkò lọ, ó rí okùn, ó fà á, ó rí ẹja. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó gbé e mì.

Kúforíjì wọlé, ó rí okùn tó ń fì dirodiro lẹ́nu ológò. Ó rá a mú.

"Pọ̀ ọ́!"

"Ùn-ùn!"

"Mo ní kó o pọ̀ ọ́! Ó ku ọbẹ̀ oṣù kan lára rẹ̀!"

Onígbèsè ń fa okùn síbí, ológò ń fa ọ̀fun sọ́hùn-ún. Okùn já. Kúforíjì fi ìdí jókòó sínú eérú, Dúrójayé gbé okùn tó kù lẹ́nu rẹ̀ mì, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mo ti dógò ti jagunjagun rí," ó ń wí fún Ọmọ́yẹni. "Mo ti dógò ti adẹ́tẹ̀ rí. Wọ́n ń na ìka sí mi, wọ́n ń ṣépè fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún mi lẹ́ja. Ọmọ mi, lọ sọ fún bàbá rẹ kó wá owó yìí san o. Èmi ni mo ń jìyà gbèsè yìí, kì í ṣe òun."

Ìyẹn ò tíì burú. Ẹja ni, ẹnu lásán ló ń jìyà. Ibi tó ti burú ni ìgbà tí Kúforíjì dé ìdí ìkòkò àdí. Ó dúró, ó wo igi ìdáná tí Àwẹ̀ró tò jọ, ó wo apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kùrọ́.

"Èló lo ra èyí?"

Àwẹ̀ró sọ iye tó rà á.

"Háà! Owó tó ń jáde nínú ilé yìí! Dá a dúró."

"Baba Ọmọ́yẹni, àdí yìí ló ń mú owó wọlé."

"Kó tó mú owó wọlé, ṣebí owó ló kọ́kọ́ jáde? Èyí tó jáde ni mo rí."

"Ẹ dúró kẹ́ ẹ rí èyí tó ń wọlé náà!"

"Ojú mi wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde," ló dáhùn. "Ènìyàn kan kì í ṣọ́ ọ̀nà méjì."

Bí àdí Àwẹ̀ró ṣe dúró nìyẹn. Àwọn abiyamọ wá, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo, ara àwọn ọmọ wọn ń funfun bí eérú. Bí iná ìdí ìkòkò ṣe kú, bẹ́ẹ̀ ni ojú Àwẹ̀ró rẹ̀wẹ̀sì. Ó ń wo Ọmọ́yẹni bó ṣe ń ṣeré, ó ń wo oko iṣu tó ti ń yọ ewé.

Igbà Kúforíjì ti tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ó ti ń tú. Àwẹ̀ró ní kó ra òmíràn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò ní gun ọ̀pẹ gíga mọ́, ọ̀pẹ gíga ló ń mú igbà gbó. Ọ̀pẹ kúkúrú nìkan ló ń gùn, àwọn èyí tí ewúrẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ẹnu kàn. Ọ̀bẹ rẹ̀ kú, ó kọ̀ kò pọ́n ọn.

"Pípọ́n ló ń jẹ ọ̀bẹ tán," ó ní. "Ẹ wò ó, kò tíì dínkù láti ìgbà tí mo ti dá pípọ́n dúró."

Lóòótọ́, kò dínkù. Kò sì gé nǹkan kan. Ó ń fi ọ̀bẹ náà ra ọ̀pẹ lára bí ẹni tó ń họ ẹ̀yìn fún àgbàlagbà, ọ̀pẹ kàn ń wò ó ni. Ẹmu tó ń rí kò tó nǹkan mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣàkíyèsí pé kèrègbè ńlá tó fi ń gba ẹmu sán nísàlẹ̀, ó ń jò tó, tó, tó. Ó fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́. Èyí dára! Mo yìn ín fún ìyẹn, ìda náà mú bí eyín ajá. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e kọ́ sórí ọ̀pẹ, ó rí oyin méjì tó ń rá pálá lẹ́nu kèrègbè, wọ́n ń mu díẹ̀díẹ̀. Inú bí i. Ó ní, "Ibí yìí náà ń jò!" Ó di ẹnu kèrègbè pa lórí ọ̀pẹ níbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń súfèé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀pẹ náà. Kèrègbè gbẹ táútáú. Ẹmu ti gba ara ọ̀pẹ ṣàn wálẹ̀, gbogbo ìjàlọ inú oko ló pé jọ sí ìdí ọ̀pẹ, wọ́n ti mu yó, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja. Kúforíjì gbé kèrègbè wálé, ó yí i dà sílẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀.

"Wò ó, Àwẹ̀ró. Ẹ̀kán kan ò jáde."

Àwẹ̀ró wo kèrègbè, ó wo ọkọ. "Òótọ́ lẹ sọ. Nǹkan kan ò wọlé tí ì bá jáde."

Dúrójayé tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbé orí lé ọwọ́. "Mo kú," ó ní. "Ilé yìí ni mo máa gbó sí."

Ọdún iṣu tuntun wá sún mọ́lé, ó ku ọ̀kẹ́ méjì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í fi gbogbo ara bínú sí ènìyàn. Àṣà ìlú wọn ni pé adẹ́mu kan ni Baálẹ̀ máa ń yàn láti gbé ẹmu ọdún wá, gbogbo ìlú ni yóò sì dáwó fún un. Lọ́dún yẹn, Kúforíjì ló kàn. Owó ẹmu ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbèsè tó kù tán. Efúnyẹlá gbọ́, ó ní òun á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí òun gba owó òun níbẹ̀. Bí kò bá sí owó, òun á mú ọmọ lọ láti ibẹ̀.

Kúforíjì wọ inú oko. Torí pé ọ̀bẹ rẹ̀ kò mú, ẹmu kò pọ̀. Torí pé ẹmu kò pọ̀, kò fẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Ó kó o jọ díẹ̀díẹ̀ títí kèrègbè ńlá mẹ́rin fi kún. Bí ẹmu ṣe ń hó, tí ìhó ń kún jáde lẹ́nu kèrègbè, ló bá pariwo, "Owó mi ń jáde!" Ó sáré mú ṣùkù àgbàdo, ó kì í bọ ẹnu kèrègbè kọ̀ọ̀kan, ó da ìda oyin lé e, ó fi okùn dì í gbọn-ingbọn-in.

Ẹ má bi mí pé ṣé adẹ́mu kò mọ̀ pé ẹmu ń mí ni. Ó mọ̀. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ewé díẹ̀ la ń fi dé e, kí atẹ́gùn rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù gbèsè bá gùn lẹ́yìn, ohun tó mọ̀ gan-an ló máa ń kọ́kọ́ gbàgbé.

Ọjọ́ ọdún pé. Oòrùn mú bí ata. Kúforíjì gbé kèrègbè kan, Àwẹ̀ró gbé kan, Ọmọ́yẹni gbé kan pẹ̀lú ẹrù aṣọ rẹ̀ lápá, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọmọ náà yóò sùn lálẹ́. Dúrójayé gbé ẹ̀kẹrin. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ológò kì í gbé ẹrù fún onígbèsè, ṣùgbọ́n òun ti pinnu pé lónìí lòun máa kúrò nílé ọlọ́bẹ̀ olókùn yìí.

Wọ́n rìn dé ìdajì ọ̀nà. Àwẹ̀ró ní, "Baba Ọmọ́yẹni, kèrègbè orí mi ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kẹ́ ẹ ṣí òun lẹ́nu."

"Sọ fún un pé ó di ọ̀dọ̀ Baálẹ̀."

"Tèmi ń kùn bí oyin," Ọmọ́yẹni wí.

"Tèmi ń ta mí nípàá," Dúrójayé wí láti ẹ̀yìn. "Kúforíjì, kí lo rọ sínú nǹkan yìí?"

"Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀! Ẹnu yín ló ń jò báyìí."

Wọ́n dé gbàgede Baálẹ̀. Gbogbo ìlú ti pé. Efúnyẹlá jókòó, ó fi gèlè tó ga bí òkìtì ọ̀gán wé orí, ó ya ẹnu àpò owó rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n to kèrègbè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú oòrùn. Ó ti rẹ Dúrójayé, ó fẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú wọn. Baálẹ̀ dìde láti wúre. Baálẹ̀ yìí fẹ́ràn ìwúre, bó bá bẹ̀rẹ̀, iṣu á tutù.

"Kí ilé wa ó kún!"

"Àṣẹ!"

"Kí ọmọ wa ó yè!"

"Àṣẹ!"

"Gbogbo ohun tó bá dí wa lọ́nà, kó fò kúrò!"

Gbòlà!

Ṣùkù àkọ́kọ́ gbé fìlà kúrò lórí Baálẹ̀. Gbòlà! Èkejì gba àárín gèlè Efúnyẹlá kọjá, gèlè tú, ó bo ojú rẹ̀. Kèrègbè kẹta, èyí tí Kúforíjì fi ìda lẹ̀ nísàlẹ̀, ìda ẹnu rẹ̀ kò yọ, ìda ìdí rẹ̀ kò yọ, kèrègbè fúnra rẹ̀ ló là sí méjì. Ẹ̀kẹrin ni Dúrójayé fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ọkùnrin náà fò. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbéra, òun alára tẹ̀ lé e, wọ́n jọ balẹ̀ síwájú Baálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ẹmu ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Ẹnì kan kígbe, "Ogun dé!" Ìlú fọ́n ká. Bàbá arúgbó kan tó ti ń fi ọ̀pá rìn láti ọjọ́ pípẹ́ sáré kọjá àwọn ọ̀dọ́, ó tún padà wá mú iṣu rẹ̀. Nígbà tí eruku balẹ̀, tí àwọn ará ìlú padà wá, ẹmu ti di ẹrẹ̀ nílẹ̀. Àwọn adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, kò pẹ́ tí wọ́n ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn.

Efúnyẹlá ká gèlè kúrò lójú. "Kúforíjì, owó mi dà?"

Kúforíjì na ìka sílẹ̀. "Òun nìyẹn, Ìyá. Ilẹ̀ ń mu ún."

"Ó dáa," Efúnyẹlá wí. "Ọmọ́yẹni, gbé ẹrù rẹ."

Ọmọ́yẹni bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ tí ẹmu ti rin. Kò sunkún. Ó dojú kọ ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ má dààmú, Ìyá mi." Ìgbà náà ni Kúforíjì tó fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú Efúnyẹlá.

"Ìyá, ẹ má mú un. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ìkòkò àdí mi. Nígbà tí mo ń tà á, ẹ rí i pé a san ọ̀kẹ́ kan. Ọjọ́ tí iná kú ní ìdí ìkòkò yẹn ni owó yín ti dúró."

"Ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ yín?" Efúnyẹlá béèrè.

Ni ohùn kan bá ti ilẹ̀ jáde.

"Èmi ni."

Dúrójayé ni. Ó ṣì dọ̀bálẹ̀. Efúnyẹlá pa ojú dé, ó là á. "Ìwọ? Ìwọ tí mo rán lọ gba owó mi?"

"Ìyá, mo ti gbé ilé ọ̀pọ̀ onígbèsè. Ẹni tí kò fẹ́ san, ó máa ń jẹ ẹran níkọ̀kọ̀. Èyí fi okùn so orí ẹja!" Ó gbé orí sókè. "Ẹ rí mi? Mo gbé okùn yẹn mì! Gbogbo ìyà tó fi jẹ mí, ó fi jẹ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe olè, Ìyá. Òmùgọ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí dáná. Èmi alára á máa ṣẹ́gi fún un, bí wọ́n bá ṣáà ti lè fi ẹja sílẹ̀ nínú ọbẹ̀."

Efúnyẹlá kọ́kọ́ gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Ó di ẹnu mú. Ó dì í mú, dì í mú, títí òun náà fi bú bí kèrègbè. Gbogbo ìlú bá a rín in.

Baálẹ̀ gbé fìlà rẹ̀, ó gbọn ẹmu kúrò lára rẹ̀. Ó mú ìdajì kèrègbè kẹta, ó fi ìka tẹ ibi tí ìda wà.

"Ta ló lẹ ibí yìí?"

"Èmi ni, Baba."

"Ó lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fọ́, ibí yìí kò mira. Kúforíjì, ibi tí kèrègbè ti ń jò lo dí, o ṣeun. Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Kí ló ṣe ọ́?"

Inú ẹrẹ̀ níbẹ̀ ni òwe yìí ti hù, tí àwọn ará ìlú sì gbé e lọ sílé dípò ẹmu.

Efúnyẹlá fún wọn di ọdún iṣu tó ń bọ̀, Ọmọ́yẹni sì bá ìyá rẹ̀ padà sílé. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ abẹ́ igi òro ló kọ́kọ́ dé. Kúforíjì rò pé wọ́n wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Oníkálukú wọn gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kùrọ́ kan lọ́wọ́. Ọ̀kan mú igbà tuntun wá.

"Ẹmu tí a mu lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ṣòfò lọ́rùn wa," wọ́n ní. "Gba èyí. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ tún gbé ẹmu ka iwájú wa mọ́ o, a ó máa rà á ni."

Kúforíjì dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìkòkò àdí, Àwẹ̀ró ló dá a dúró. Wọn kò pa ẹran, wọn kò sì ṣe ìnáwó fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó ń jò ṣì wà ní dídí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ mú, igbà le, ọ̀pẹ gíga tún rí ọkọ rẹ̀, iná ìdí àdí sì ń jó. Dúrójayé ń ṣẹ́gi, ó ń gbé e, ikùn rẹ̀ ń fà wọlé díẹ̀díẹ̀. Kí iṣu ọdún kejì tó ta, wọ́n kó ọ̀kẹ́ méjì tó kù fún Efúnyẹlá. Kúforíjì dúpẹ́ títí obìnrin náà fi ní, "Ó tó. Lọ sílé, kí o tó fi ọpẹ́ jẹ gbèsè mìíràn."

Lọ́jọ́ tí Dúrójayé ká ẹní rẹ̀, Ọmọ́yẹni sáré tẹ̀ lé e, ó gbé odindi ẹja gbígbẹ kan fún un, tòun ti orí tòun ti ìrù. Ojú ọkùnrin náà rọ̀. Ó súre fún ọmọ náà, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó yí ẹja náà sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó wo abẹ́ ìrù rẹ̀ fínnífínní bóyá okùn wà níbẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí mi tó sọ ìtàn yìí fún mi, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti gba ilé mi sílẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó jẹ gbèsè, tó ń dín jíjẹ kù, ẹ yìn ín. Bó bá dín aṣọ kù, ẹ yìn ín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí i tó ń wo ọkọ́ tó fi ń roko bí ẹni pé ó fẹ́ tà á, ẹ kọ́kọ́ sún sẹ́yìn, ẹ di fìlà yín mú dáadáa, kẹ́ ẹ tó sọ fún un pé: ibi tí kèrègbè ti ń jò là ń dí, a kì í dí i lẹ́nu.